Aleluya Nínú Lẹ́ńtì

Ọmọ Àgùdà kì í pe Aleluya nínú Lẹ́ńtì. Bí ẹ ò bá jẹ́ ọmọ Àgùdà, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ fún yín báyìí. Láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde, ńṣe la máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo gbàgbé, mo fi ń kọrin níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Màámi ní kí n kúnlẹ̀ sójú oòrùn. Ìyàwó katikíìsì ni wọ́n, wọn kì í fi irú ẹ̀ ṣeré.

"Magdalene, ṣé Jésù ti jíǹde ni?"

Mo ní rárá, mà.

"Ta ló wá ní kí o máa yọ̀?"

Ìkéré-Èkìtì ni Màámi wà. Èmi wà ní Rosettenville níbí, ní gúúsù Áfíríkà, mo ń ránṣọ, mo ń tún aṣọ aláṣọ ṣe. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń dúró de pépà ìgbélùú. Bí mo bá jáde láìní i lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì wà níléèwé níbí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọmọbìnrin tó jókòó sídìí fèrèsé máa ń sọ: "Eish, Mama, sístẹ̀mù ò ṣiṣẹ́." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ikú náà á dúró de sístẹ̀mù ni. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó pe ẹni tó kàn.

Ojú Màámi ti fọ́, wọn ò lè ka nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka bíbélì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún wọn lórí fóònù. Aago méje àárọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, aago mẹ́fà lọ́dọ̀ tiwọn, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tẹjúmádé, àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn, á gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́. Bí mo bá kà á tán, mà á ní, "Ọ̀rọ̀ Olúwa." Màámi á fà á gùn bíi ti inú ṣọ́ọ̀ṣì: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀. Bí mo bá sọ ìsọkúsọ, wọ́n á ní bàbá mi ì bá ti fi pàṣán gbọ̀n mí lórí. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí Màámi ṣì wà nígbà tí pépà bá jáde, kí n lè kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì, mo ka Jeremáyà, mo ka Sáàmù. Ó ku Ìhìnrere. Ni oníbàárà kan bá ń gbá ìlẹ̀kùn. Síìpù síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já, wọ́n sì ń retí rẹ̀ níbi tó ti ń wáṣẹ́. Mo ní, "Màámi, mà á pè yín padà kí n ka Ìhìnrere."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Lọ ṣiṣẹ́ rẹ. Èmi náà, níbo ni mò ń lọ?"

Iṣẹ́ fa iṣẹ́. Mi ò pè padà. Kí n má purọ́, mo gbàgbé ni.

Lọ́jọ́ kejì, Tẹjúmádé ló gbé fóònù. Ó ní ọ̀fun ń dun Màámi, wọn ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ mi. Mo kà á. Ìdáhùn wá, kò ròkè, kò gùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ láràárọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ojú Màámi, Tẹjú ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Èmi òmùgọ̀ gbà á gbọ́. Mo tún wá ń kà á díẹ̀díẹ̀, kó má baà ni wọ́n lára.

Ó di Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìhìnrere ọjọ́ náà ni ti ìjòyè kan tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nílé. Ó rin ìrìn àjò wá bẹ Jésù pé kó bá òun kálọ. Jésù ò lọ. Ó kàn ní kó máa lọ sílé, pé ọmọ rẹ̀ yè. Láti ọ̀nà jíjìn yẹn ni ara ọmọ náà ti yá. Mo ní nínú ara mi pé Ọlọ́run ò kúkú nílò pépà kó tó dé Ìkéré. Mo kà á parí, mo ní, "Ìhìnrere Olúwa."

Láti ọ̀hún, ohùn kan ní, "Aleluya."

Màámi ò lè sọ ìyẹn láé nínú Lẹ́ńtì. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo ni Tẹjúmádé ń lọ láti ọdún mẹ́wàá. Kò sí Lẹ́ńtì lọ́dọ̀ tiwọn.

"Tẹjú, ta ló sọ ìyẹn?"

Mo gbọ́ tó ń fa imú.

"Ọjọ́ wo ni Màámi dákẹ́?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹbí ló ní ká fi bò fún yín. Wọ́n ní ẹ ò lè wá, pé ẹ ó kàn fi ìrònú pa ara yín síbẹ̀ ni."

"Mo ní ọjọ́ wo."

"Ọjọ́bọ̀ yẹn. Òní ló pé ọjọ́ kejìlá." Ó wá ń sunkún gidi. "Ọ̀sán ni. Wọn ò gbé fóònù sílẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní kí n gbà á kí n fi síná, wọn ò gbà. Wọ́n ní ẹ ní ẹ ó pe àwọn padà."

Mo bú u. Mo bú ẹbí, mo bú ọmọbìnrin ìdí fèrèsé, mo bú síìpù. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu mi, ó ku èmi nìkan.

Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí ìwé padà sí Ọjọ́bọ̀ yẹn, sí Ìhìnrere tí mi ò kà. Ti ọlọ́rọ̀ àti Lásárù ni. Ábúráhámù ní ọ̀gbun ńlá wà láàrin wọn, pé ẹni tó fẹ́ ti ìhín sọdá kò lè sọdá, ẹni tó wà lọ́hùn-ún náà kò lè wá. Mo kà á sókè látòkèdélẹ̀. Mo ní, "Ìhìnrere Olúwa." Mo dúró de ìdáhùn, ariwo fèrè taxi nìkan ni mo gbọ́.

Àjíǹde ti dé, ó ti kọjá. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń kọ Aleluya, orí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ọmọ mi obìnrin wo ẹnu mi, ó fi ìgúnpá tọ́ mi.

"Mummy, you can say it now."

Mo ní kó máa kọ tiẹ̀.