Òkùnkùn Tí Hakeem Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

"Oòrùn fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí," ni Hakeem wí, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ó ní, 'Hakeem, jọ̀wọ́, ibo ni mo lè gbà wọ yàrá yín?' Mo ní kó padà sínú adágún Michigan tó ti yọ!"

Àǹtí Kàfáyàtù, ẹ̀gbọ́n Muminat ìyàwó rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kó lè fi iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo inú ìkòkò ẹran ewúrẹ́ tó gbé wá láti ìlú Lansing lánàá.

"Hakeem, ta ló jẹ ẹran Muminat?"

"Nínú òkùnkùn yìí, Àǹtí mi? Mi ò mọ ibi tí ẹnu mi wà mọ́! Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń fi ṣíbí gún imú."

Muminat ń gbọ́ wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, lórí àjà kẹtàdínlógún ní àdúgbò Edgewater, létí adágún Michigan ní Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń fojú ọ̀sán gangan sùn. Ọdún mẹ́rin ló ti ń wá ọmọ, ẹyin rẹ̀ kì í sì í jáde bó ṣe yẹ. Dókítà Josephine ló ṣàlàyé fún wọn pé òkùnkùn ni ọpọlọ fi ń rí melatonin, họ́móònù oorun, tú jáde dáadáa; pé ó wà nínú omi tó yí ẹyin obìnrin ká, ó ń dáàbò bo ẹyin náà, ó sì ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́móònù ibẹ̀ lọ́wọ́.

"Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀ o, mi ò ṣèlérí," ni dókítà wí. "Ẹ má lọ ra oògùn rẹ̀ lò fúnra yín. Ẹ kàn máa sùn nínú òkùnkùn, ká tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Hakeem gba iṣẹ́ òkùnkùn náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó fi fóìlì bo fèrèsé, ó ta aṣọ dúdú lé e, ó lẹ tépù mọ́ ojú aago ara sítóòfù, ó yọ gílóòbù inú fìríìjì. Ó ní bí Muminat bá ti sùn, àní bí ààrẹ Amẹ́ríkà bá wọlé, kó máa táràrà.

Fóònù Muminat dún. Dókítà Josephine ni, èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé. Muminat tẹ fóònù kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Họ́móònù tó ń fi hàn pé ẹyin jáde ti gòkè. Ẹyin yín jáde lóṣù yìí! Mi ò lè sọ pé òkùnkùn nìkan ló ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ máa bá a lọ."

Hakeem figbe ta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Kàfáyàtù. "Àǹtí mi, ẹran yín ló ṣe é!"

Orí rẹ̀ gbá ilẹ̀. Nǹkan dún tá lábẹ́ fìlà, fìlà ṣí, iná sì yọ níwájú orí rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí ni, epo ọbẹ̀ wà lára okùn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín náà lọ tààrà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sórí abọ́ tí eegun kún.

"Ẹnu tó sọnù rèé!" Kàfáyàtù bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

Hakeem já tọ́ọ̀ṣì sọnù, ó fò dìde. "Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún oòrùn!" Ó ti dé orí àtẹ̀gùn.

Muminat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó he tọ́ọ̀ṣì náà. Hakeem ti fi tépù dúdú dí ojú rẹ̀ pa, ihò tó ṣẹ́ kù kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹran kan ṣoṣo ló lè tàn sí lẹ́ẹ̀kan. Ó wo àwọn eegun náà, gbogbo wọn ló ti fọ́ dé mùdùnmúdùn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń jẹun, àwọn ará àjà ìsàlẹ̀ a máa gbọ́! Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi yọ́ jẹun ní ìṣísẹ̀ méjì sí ìrọ̀rí Muminat, Muminat kò sì jí lẹ́ẹ̀kan.

Ìró ẹsẹ̀ Hakeem ṣì ń dún lọ sísàlẹ̀, ó ń kígbe ayọ̀ lórí àjà kọ̀ọ̀kan.