Nọ́ńbà Tó Ń Ki Ara Rẹ̀

Bíró já bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà Olúdayọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àpèkẹ́, ọmọ wọn, mú un nílẹ̀, ó tún fi há wọn láàárín ìka.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Jìmí ń bọ̀ láago mẹ́rin."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tíṣà jáde nílé wọn n'Íkòsì. Ẹnìkan bá wọn ní Alápẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ọ̀nà ilé. Jìmí, àbúrò Àpèkẹ́, ní ó tó gẹ́ẹ́, Ìjẹ̀bú ló kàn, lọ́dọ̀ Aunty wọn. Àpèkẹ́ bẹ̀ ẹ́: bí Daddy bá ṣì lè rí nọ́ńbà yẹn, ọpọlọ wọn wà níbẹ̀.

"Ó dáa, Sister mi. Bí wọ́n bá rí i, n ò sọ̀rọ̀ mọ́," Jìmí fèsì.

Nọ́ńbà tó ń ki ara rẹ̀ ni Tíṣà ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tò. Àkọ́kọ́ yóò sọ iye òdo tó wà nínú wọn. Ìkejì, iye ení. Ìkẹta, iye èjì. Ìkẹrin, iye ẹ̀ta. Kò gbọdọ̀ purọ́. Ìdáhùn tí Àpèkẹ́ mọ̀ láti kékeré ni 1210: òdo kan, ení méjì, èjì kan, ẹ̀ta kò sí.

Bàbá tẹjú mọ́ ìwé. Ètè wọn ń mì. Olúwa tó dá ọpọlọ, Àpèkẹ́ ń wí sínú, má jẹ́ kí fìtílà yìí kú lójú mi.

Wọ́n kọ 2020.

Kì í ṣe 1210. Àpèkẹ́ fẹ́ gba ìwé náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó rọra kà á. Òdo méjì. Ení kò sí. Èjì méjì. Ẹ̀ta kò sí. Kò purọ́! Òmíràn wà, òun ò sì mọ̀!

"Daddy! Ẹ gbà á! Jìmí á gbọ́ ọ lónìí!"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe.

"Ẹ ṣeun, Mummy. Ẹ mà mọ ìṣirò o. Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ" kẹ̀! Bàbá tí kì í pe òun ní ju "ìwọ yìí" lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.

Orúnkún Àpèkẹ́ kan ilẹ̀.

"Tíṣà kan ni, sà."

Ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ló tó mọ̀ pé bí àlejò lòun náà ṣe dáhùn.