Ìyókù Ọgọ́ta Ọdún

"Bàbá, ẹ ò tíì kọ nọ́ńbà ìwé ilé yín síbí."

Akọ̀wé ojú fèrèsé kejì ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ti fọ́ọ̀mù náà padà lábẹ́ gíláàsì, lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá bíríkìlà mú un, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé nọ́ńbà lè hù níbẹ̀ bíi koríko.

"Nọ́ńbà wo ni kí n kọ, ìyá mi? Ara ìwé tó bàjẹ́ ni nọ́ńbà wà. Bí mo bá ní ìwé ọ̀hún lọ́wọ́, kí ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ yín?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n a kì í wá ìwé láìsí nọ́ńbà."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ikán tó jẹ ìwé náà mọ́nú àpótí kò bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ì bá ti gbalé lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tí ọ̀gá òkè kò bá tíì buwọ́ lù fún kò ní í rí tirẹ̀ gbà. Lọ́yà rẹ̀ sì ń retí rẹ̀ di aago mẹ́rin. Lọ́yà ní kò sí bí òun ṣe lè gbé ilé sórúkọ ọmọ rẹ̀ láìrí ẹ̀dà ìwé rírà tí ìjọba lu òǹtẹ̀ lé.

Ọmọ ọ̀hún ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ó ń fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nílùú òkèèrè láti wá tọ́jú ìyá rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dè mọ́ orí kẹ̀kẹ́ arọ láti ọdún tó kọjá. Òun kọ́ ló bèèrè ilé. Bàbá ló fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí: "Máa bọ̀, ilé á di tìẹ. Ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ ò ní gbé ilé háyà mọ́ láyé."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì. Yàrá náà gbóná, fáìlì sì ga dé àjà. Ó rí i pé fèrèsé kan ti wà lára ògiri ọ̀tún rí. Bíríkì ni wọ́n fi dí i, ẹni tó sì dí i kò mọṣẹ́ rárá. Ó ń wò ó ṣáá, ọwọ́ ń yún un.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, àánú rẹ̀ ṣe akọ̀wé. "Orúkọ ẹni tó ta ilé fún yín ńkọ́? Ẹ rántí?"

Ó kúkú rántí. Ó dárúkọ aláago, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, tó tà á fún un, ó dárúkọ àdúgbò, ó sì sọ nọ́ńbà ojúlé. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà, eruku kún orí rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí bàbá fò sókè. Wọ́n ṣe ẹ̀dà, ọ̀gá buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa gbàgà lé e.

"Ẹ jẹ́ ká jọ kà á kí ẹ tó gbà á, sà." Akọ̀wé ka orúkọ rẹ̀, ó ka ìwọ̀n ilẹ̀. "Fún ìyókù ọgọ́ta ọdún tí onílẹ̀ fi yá a…"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti lo ọgbọ̀n, ó ku ọgbọ̀n."

Akọ̀wé fi ìka sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè ìwé náà. "Ìyókù ni wọ́n kọ, Bàbá. Aláago ti lo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó tà á fún yín. Ẹ̀yin náà wá lo ọgbọ̀n."

Ẹni tó ti ń ka búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe kò nílò ẹni tí yóò ṣírò fún un. "Mẹ́rin," ló wí.

"Mẹ́rin, sà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti onílẹ̀ padà."

"Ilé ńkọ́? Èmi ni mo fọwọ́ mi kọ́ yàrá méjì kún un!"

"Ohun tó bá wà lórí ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Wọ́n sì ti kọ̀wé síbí pé àwọn ò ní fi ọjọ́ kún un fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò yẹn."

Aláago kò purọ́. Ọgọ́ta ọdún ló sọ. Bíríkìlà ni kò bèèrè ìgbà tí ọgọ́ta bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni nígbà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló fẹ́ dàgbà tó bẹ́ẹ̀? Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Fóònù dún lápò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí i gbà?"

Ó wo òǹtẹ̀ pupa náà. "Mo ti rí i gbà."

"Ẹ ṣeun, sà! Mo ti fún wọn níwèé láàárọ̀ yìí pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ sọ fún màmá pé ọ̀la la ó dé. Àwọn ọmọ ti ń jà lórí yàrá!"

"Ó dáa," ló wí. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í débi pé kò mọ ìgbà tí ọmọ náà pa fóònù.

Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. "Ẹ má bínú, sà, a dá yín dúró pẹ́. Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ó pẹ́ láyé fún àwọn ọmọ yín."

Láti ìgbà tó ti hu ewú ni wọ́n ti ń ṣàdúrà yìí fún un, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ kó tó ṣe àmín. Ó la ẹnu. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni lónìí. Bí ó bá pé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin láàyè, tí ìyàwó rẹ̀ náà sì wà láàyè, ta ni yóò ti kẹ̀kẹ́ náà jáde, ibo ni yóò sì tì í lọ?

Akọ̀wé gbójú sókè, ó ń retí àmín.

"Mo gbọ́," ni bàbá wí.