Ìlà Tó Di Ejò

Àdùkẹ́, jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún ọ. Nínú àlá náà, bàbá rẹ ṣì dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n lajú sílẹ̀, wọn ò dá wa mọ̀. Dókítà lẹ wáyà mọ́ wọn lórí, ó ní bí wọ́n bá ń gbọ́ wa, ìlà ojú ẹ̀rọ tí wáyà náà so mọ́ máa fò. Ẹ̀rù wáyà gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ejò tí mo pa lóko?" Ìlà fò jáde, ó di ejò, ó ń rẹ́rìn-ín bíi bàbá rẹ gẹ́lẹ́. Mo bẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dì mọ́ wọn. Dókítà ń jó: "Wọ́n ń gbọ́! Wọ́n ní irọ́ lẹ pa!" Mo kígbe, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pa á, èmi sá ni!" Ni mo bá jí, mo rọ̀ mọ́ pílò, mo ń rẹ́rìn-ín.