Gíábọ́ọ̀sì Ọkọ̀ Pupa Àǹtí Oyèbísí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé mi ò mọ gíábọ́ọ̀sì, kí ó gbé tirẹ̀ wá. Bí ó bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, kí ó kó irin rẹ̀ dà sí mi lórí. Ohun tí mo sọ fún Alága Ikúmápàyí nìyẹn ní ọjọ́ Ajé tí ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Abúlé Òkúta, tí ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá sọ́jà tí ó wá yẹ bárékè wò.

"Munirat, ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Mi ò ní ọ̀gá, sà."

"Ta ni ó ṣe fíríìdọ̀mù fún ọ?"

"Kò sí, sà. Ta ló dè mí tẹ́lẹ̀ tí wọn yóò fi tú mi sílẹ̀?"

Alága ni olórí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò wa. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, o gbọ́dọ̀ sin ọ̀gá fún ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wàá kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, ọ̀gá á gbàdúrà lé ọ lórí, wọ́n á sì fún ọ ní ìwé tí orúkọ ọ̀gá wà nínú rẹ̀. Bí o kò bá ní ìwé yẹn, o ò gbọdọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Èmi kò sin ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi bẹntiróòlù fọ gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ fún Àkànó, tí ó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Onípanu. Àkànó kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Irin ni ó ń tà. Èmi ni mo ń tú wọn, tí mo ń tò wọ́n padà, tí mo tún ń tú wọn, títí tí eyín jíà fi dà bí eyín ẹnu ara mi. Mo mọ èyí tí ó pé, mo mọ èyí tí ó ti jẹ, mo sì mọ èyí tí ó ń parọ́.

Alága tọ́ka sí ọkọ̀ pupa tí ó wà lẹ́yìn mi. "Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé ẹgbẹ́. Bí ọkọ̀ obìnrin yẹn kò bá dé Ìlàjẹ kí ó sì padà kí a tó túká, a ó fi àgádágodo sí ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Bí ó bá dé ńkọ́?"

Ó tutọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Obìnrin tí ó ń wí ni Àǹtí Oyèbísí, tí ó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Nígbà tí àwọn sọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti kúrò nínú ìjọba, tí gbogbo ẹni tí ó ní agbádá ń du ipò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò sinmi. Ó tẹ pósítà alága káńsù, ó tẹ pósítà aṣòfin, ó tẹ pósítà ẹni tí ìyàwó rẹ̀ gan-an kò ní dìbò fún. Nígbà tí ìdìbò parí, ó ra ọkọ̀ eré sísá kan, ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì tí ó lúgọ sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ bẹ́. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ó tó ẹni tí ó ń kàwé ní yunifásítì. Àwọn ọkùnrin Ṣómólú ní, "Ìyá oníwèé, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" Ó ní, "Mo fẹ́ fi sáré ni. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ fi ru ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Ṣùgbọ́n jíà kẹta kì í dúró. Bí Àǹtí bá tì í wọlé, á tún fò jáde. Ó ti gé rọ́bà tùúbù, ó fi so ọ̀pá jíà mọ́ ìjókòó bí ẹni so ewúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Alága ti ní òun tún un ṣe. Kò ju oṣù méjì lọ, igbe á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹta ni Àǹtí gbé e wá bá mi, ohun tí ó sì bí Alága nínú nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ọkọ̀ náà sókè lórí ìtì igi mẹ́rin, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì nù. Ọ́ìlì kò jáde. Mo fi wáyà gún ihò náà, nígbà náà ni nǹkan dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó rọra ń já lulẹ̀, gbì, gbì.

"Kí nìyẹn?" Àǹtí Oyèbísí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ̀bà ni, ma. Ẹ wá bu òkèlè kan."

Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò. Gíríìsì ni, pẹ̀lú ọ́ìlì náíńtì, ọ́ìlì tí ó ki jù tí wọ́n ń dà sínú gbogbo gíábọ́ọ̀sì ní Ṣómólú láì béèrè. Eruku pákó sì kún inú rẹ̀, irú èyí tí ayùn máa ń tú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń la pákó. Mo mọ àrékérekè náà. Bí eyín jíà bá ti jẹ tán, ó máa ń ké. Bí o bá fi pákó ṣù mọ́ ọn lẹ́nu, á dákẹ́. Oníbàárà á yìn ọ́, á lọ. Lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni irin ti ń jẹ irin.

Ojú Àǹtí Oyèbísí le. "Ọkùnrin yẹn ní òun tún un ṣe."

"Kò tún un ṣe, ma. Ó dí i lẹ́nu ni."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí. "Mò ń bọ̀. Mo fẹ́ lọ kí i nínú ilé rẹ̀."

"Ẹ má lọ, ma. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí Onípanu. Àkànó rí mi, ó kígbe, "Munirat! O wá fọ irin?"

"Mo wá rà á ni."

Ó gbé gíábọ́ọ̀sì mẹ́ta tí ó bá ọkọ̀ náà mu síwájú wa. Mo fi ọwọ́ yí ọ̀pá àárín èkíní, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo tì í. Èkejì dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì. Mo ní kí ó fún mi ní sípánà kí n ṣí ìdérí ẹ̀kẹta.

"Èèwọ̀!" Àkànó ní. "A kì í ṣí ọjà wò kí a tó rà á."

"Ẹ̀gbọ́n Àkànó, ta ló ń ṣí wọn fún yín láti ọdún mẹ́sàn-án?"

Ó wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀, ó na sípánà sí mi. Eyín ẹ̀kẹta pé pérépéré, òrùka idẹ inú rẹ̀ ṣì mú ṣánṣán. Mo ní kí Àǹtí Oyèbísí ra èyí, kí ó má wẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e wọlé. Gíábọ́ọ̀sì wúwo, ẹnìkan kò sì lè fi àyà gbé e kí ó tún fi ọwọ́ di nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo fi ọ̀pá irin kan dábùú inú ọkọ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Mo so okùn mọ́ ọn, mo ti okùn náà gba ihò tí ọ̀pá jíà máa ń gbà yọ, mo sì fi de gíábọ́ọ̀sì ní ìsàlẹ̀. Mo ti gbẹ́ igi kan ṣáájú, mo fi to píléètì kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ó so ẹńjìnnì pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, sí àárín gbùngbùn. Bí ìyẹn bá fi díẹ̀ yẹ̀, irin kò ní wọ irin títí ayé. Èmi wà lábẹ́, Àǹtí Oyèbísí jókòó sínú ọkọ̀, ó di okùn mú.

"Ẹ fà á, ma! Ẹ fà á díẹ̀!"

"Mo ń fà á! Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, n kò ṣe wàhálà tó báyìí!"

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má mí."

"Kí n má mí kẹ̀!"

Ó wọlé. Ohùn kan péré ni, *kóò*, bí ìgbà tí ènìyàn pa ilẹ̀kùn ìyàrá rẹ̀ dé. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo dà sí i, kì í ṣe náíńtì. Ìròyìn dé etí ẹgbẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bọ́dúndé, akọ̀wé wọn, gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó ní, "Munirat, omi lo bù sí gíábọ́ọ̀sì? Kò ní dé Bárígà."

"Ẹ gbé àga yín sí ojú ọ̀nà, kí ẹ máa wò ó."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo ẹgbẹ́ pé sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì wọn. Mo wa ọkọ̀ pupa débẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Alága na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

"Èmi fúnra mi ni mo máa wà á."

"Ẹ wà á, sà."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àǹtí Oyèbísí ní ọkọ̀ òun kò ní jáde láìsí òun, ó sì ká ara rẹ̀ sẹ́yìn níbi tí àpò ìwé lásán kò ti ní gbádùn, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. A gbéra. Jíà kìíní wọlé, èkejì wọlé. Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta, Alága tì í wọlé, ó sì di ọ̀pá náà mú gírígírí, bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, sà," mo ní.

"O fẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?"

"Ẹ ṣáà gbọ́wọ́ kúrò."

Ó ká ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Jíà kò mì. Ọkọ̀ ń kọrin lọ, a gba àárín Bárígà kọjá, ẹ̀kẹrin wọlé bí ọ̀bẹ tí ó wọ bọ́tà. Ó di Ìlàjẹ, òórùn ẹja yíyan kún inú ọkọ̀. Alága dúró létí ọ̀sà, ó pa ẹńjìnnì. Kò wo ojú mi.

"Kí lo bá nínú èyí tí o yọ?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Mo bá pákó, sà."

"Ṣé o ti sọ fún ẹnì kan?"

Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn: "Èmi ni mo ni ọkọ̀, Alága. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ẹ máa wà á lọ, ẹsẹ̀ mi ti kú."

A padà dé ṣẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó túká. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó na apá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ rìn. Ọmọ yìí mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Munirat, kúnlẹ̀. Láti òní lọ, ọmọ iṣẹ́ mi ni ọ́. Èmi ni mo máa buwọ́ lu ìwé rẹ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bọ́dúndé ń fi ojú sọ fún mi pé kí n tètè kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá kúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi bọ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì ní rí wàhálà mọ́. Mo tún mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń rà. Ọmọ iṣẹ́ kì í tú àṣírí ọ̀gá.

"Mi ò kúnlẹ̀, sà."

Mo dúró, mo wo ojú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi fọ irin, ìka yín kan kò kan bẹntiróòlù mi. Bí mo bá gba orúkọ yín, èmi náà á máa fi pákó dí gíábọ́ọ̀sì oníbàárà lẹ́nu. Sọ́jà ti padà sí bárékè, Alága. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n fi sílẹ̀ kí ẹ máa ṣọ́ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì yìí?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè fi ikọ́ bò ó. Bọ́dúndé yíjú sí Alága: "Pákó wo?" Alága yí ẹ̀yìn sí i. Ó pariwo pé kí wọ́n lọ ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, kí ìpàdé túká.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àgádágodo ńlá kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tó orí ọmọ ìkókó. Àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń wo ohun tí n ó ṣe. Wọ́n rò pé n ó sunkún, tàbí kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Mo yí ojú sí apá kejì ilẹ̀kùn, níbi tí ìdè irin ti so ó mọ́ férémù. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ni. Sípánà kan péré ló kárí wọn. Mo tú wọn, mo tún tú ìkọ́ tí àgádágodo fi di férémù mú, mo gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lódidi, àgádágodo ṣì wà lára rẹ̀ ní títì gbọningbọnin, ìkọ́ férémù tí mo tú sì ń rọ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e lé orí, mo rìn lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́ lójú gbogbo ayé, mo sì fi ti ẹsẹ̀ Alága níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀.

"Àgádágodo yín rèé, sà. N kò já a. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín ṣí i."

Kí n tó padà dé, Bọ́dúndé ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù, gíábọ́ọ̀sì oníbàárà rẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ bá mi wo eyín rẹ̀." Ẹ ni ó pè mí, kì í ṣe ìwọ.

Mo ní kí ó gbé e wọlé. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tì í pa, kí ó wá ti afẹ́fẹ́.