Iye Ọmọ Wa Tó Wà ní Kánádà

Ọgbọ̀n ọdún ni Dáramọ́lá ti fi ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Apápá. Ohun tó sì mọ̀ jù láyé ni pé ẹni tó bá sọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀nténà rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, kò tíì ṣetán àtilọ sílé. Bí mọ́tò bá jẹ́ mẹ́ta, kọ méjì. Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ tó fi tọ́mọ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí àwọn yunifásítì òkèèrè ti dá Níyìọlá ọmọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan ní Kánádà gbà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé wọn l'Ájégúnlẹ̀, ó ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nílẹ̀ òkèèrè sí bàbá rẹ̀ létí. Ṣáínà nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Íńdíà náà rèé, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Nàìjíríà fi Gánà sẹ́yìn, àmọ́ kò sún mọ́ àwọn méjì yẹn rárá.

"Dádì, ẹ ò rí i? A ò tíì pọ̀ rárá."

Ohun tí Dáramọ́lá gbọ́ yàtọ̀. Ní èbúté, ẹrù ẹni tó bá pọ̀ ni wọ́n máa ń tú wò. Ó wá rò ó pé bí wọ́n bá ń ka orílẹ̀-èdè, wọ́n á máa ka ilé kọ̀ọ̀kan náà. Ilé tiwọn sì ti ní ẹnì kan lọ́hùn-ún, Adétòkunbọ̀, àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí Níyìọlá ní kó bá òun yẹ fọ́ọ̀mù físà wò, kó sì fi ránṣẹ́, ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ó yọ orúkọ Adétòkunbọ̀ kúrò, ó kọ "kò sí". Kò sọ fún ẹnì kankan. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn. Òdù ọ̀yà tí ọgbọ́n àgbọ́njù pa, kò gbọ́n tó o.

Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Níyìọlá gba àárín àwọn tírélà sáré wá sí ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ ní Creek Road l'Ápápá, ojú rẹ̀ ti wú.

"Wọ́n kọ̀, Dádì! Ṣé àwa la pọ̀ jù ni? Gbogbo ará Íńdíà tó ń wọlé yẹn ńkọ́?"

Ó ń sunkún, ó ń ka iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní àkàtúnkà. Dáramọ́lá ń gbàdúrà lọ́kàn kí ọmọ yìí má ka lẹ́tà tó mú dání náà dópin.

Ó kà á dópin. Wọ́n ní ó purọ́, pé ó ní ẹ̀gbọ́n ní Kánádà, ó sì sẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ tún béèrè físà fún ọdún márùn-ún.

"Ta ló kọ 'kò sí'?"

"Níyìọlá, ọmọ mi, mo ní kí n dín iye wa kù ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún dá ẹ padà."

"Ọdún márùn-ún, Dádì! Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo máa jẹ́!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Fóònù Níyìọlá dún. Adétòkunbọ̀ ni. Níyìọlá ní, "Dádì rèé," ó na fóònù náà sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ káàsán sà. Àwọn immigration níbí ti dá ìwé tí mo fi ń gbé Kánádà dúró. Wọ́n ní ìdílé tí mo kọ sílẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ mí, kí n wá mú ẹ̀rí wá. Dádì, kí ni mo ṣe yín?"

Dáramọ́lá wo Níyìọlá nílẹ̀, ọmọ náà kò gbójú sókè wò ó.

"Ọmọ mi ni ẹ́," ló sọ sínú fóònù. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, Dádì," ni Adétòkunbọ̀ dáhùn. "Àmọ́ èmi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún."