Àpò Tí A Fi Pa Ìbọn Lẹ́nu Mọ́

Ọkọ mi, Elisha, kì í ṣe ọdẹ. Àgbẹ̀ kòkó ni, ní Ifẹ̀wàrà, ọ̀kẹ́rẹ́ ló sọ ọ́ di oníbọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá ti mọ adùn kòkó, tirẹ̀ ni oko, ìwọ olóko di àlejò. Ìbọn afẹ́fẹ́ ló ń lò. Kò ní ẹ̀tù, kò ní èéfín, ọta rẹ̀ kò tó hóró ẹ̀wà. Wàá ká a láàárín bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ igi ìdáná, wàá ki ọta bọ̀ ọ́, wàá dá a padà, ó di pàá!

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. A fi oko sílẹ̀ fún Bọ́lárìnwá, àkọ́bí wa, a sì jókòó pátápátá sí ilé wa ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ibi tó ti máa ń lọ sí oko tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na apá ní ọsibítù sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ wá nǹkan tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ máa fi ọwọ́ yẹn ṣe é lójoojúmọ́, kó má baà gbàgbé iṣẹ́." Ni bàbá bá ní kí Bọ́lárìnwá gbé ìbọn òun wá láti oko.

Áà, inú mi dùn lọ́jọ́ náà! Ẹni tí kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu, òun ló gbé ìbọn lé èjìká yìí. Ó so agolo mílíìkì mọ́ páànù tí a fi ṣe ọgbà lẹ́yìnkùlé, ó yìn ín, kò bà á. Ó tún yìn ín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló ba agolo, agolo ké gbàn-ín, páànù náà gbè é gbàràgàdà, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí i ká:

Apá ọ̀tún, jí o,
ilẹ̀ ti mọ́.
Apá ọ̀tún, jí o,
agolo ń retí rẹ.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n orin kì í wọ́n mi lẹ́nu. Mo jó títí mo fi gbàgbé ẹni tó wà ní òdì kejì páànù.

Sikirat ni. Aránṣọ ni, ọmọ Òṣogbo gan-an, a ti jọ ń gbé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ Awwal ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bí i. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí, Awwal ń ti Ifẹ̀ bọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, àwọn adigunjalè dá wọn lọ́nà nítòsí Òṣú, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ojú mi wà lára apá ọkọ mi, n kò ro ti ọkàn ìyá ọlọ́mọ.

Ọjọ́ karùn-ún ni Munawwarah wá, àbúrò Awwal, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Iléṣà. Ó kúnlẹ̀ síwájú wa.

"Bàbá, Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Tí ìbọn yẹn bá ti dún, màmá mi á fò sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lánàá, abẹ́rẹ́ gún wọn ní ìka wọnú. Wọn ò lè sọ fún yín. Tí ariwo náà kò bá lọ sílẹ̀, n ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ mi ní Iléṣà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi tútù. Kí ni mo fẹ́ fi Òkè Baálẹ̀ ṣe bí Sikirat kò bá sí níbẹ̀? Ta ni n ó máa kọrin sí kọjá páànù, tí yóò bú mi pé ohùn mi ti gbó?

Elisha wo ìbọn rẹ̀. Ó ní, "Mo... jáwọ́."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Sikirat fúnra rẹ̀ fi yọ sí wa, pẹ̀lú aṣọ wíwé ní ìka. Ó bínú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Mo yọjú wò yín lánàá, apá yín ń gòkè. Ẹ má jáwọ́ nítorí tèmi. Ẹ ṣáà bá mi dín ariwo rẹ̀ kù." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ní ẹ ò rídìí ìṣáná, ìdí ìbọn lẹ wá rí!"

"Ìjẹ̀ṣà tó ti ń mu omi yín láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni mo fi dá a lóhùn, "ó ti di ọmọ Òṣogbo Òròkí."

"Ẹ ò tíì dà á. Ẹ ṣì ń jẹ iyán ní òwúrọ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo sì búra nínú mi pé ìbọn yìí yóò pa ẹnu mọ́, kí Sikirat má lọ.

A kọ́kọ́ já agolo kúrò lára páànù, a gbé e lọ sídìí ògiri ilé ìdáná lódì kejì. Ó dín, ṣùgbọ́n kò tó. Mo ní kí a fi ọsàn rọ́pò agolo. Elisha yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọn orí: "Ọsàn... kò dáhùn." Òótọ́ ni, ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ níṣẹ́ fẹ́ gbọ́ pé òun ṣe é. Mo pe Nehemiah, mẹkáníìkì alùpùpù tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tú ìbọn náà palẹ̀ sórí ẹní, ó fi irin wáyà inú rẹ̀ hàn mí, èyí tó ká jọ bí ejò, ó gbẹ kanrankanran. "Màmá, gbígbẹ yìí ló ń ké. Ìbọn yìí ò tíì rí gíríìsì láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi." Ó fi gíríìsì sí i, ó dè é padà. Ó tún dín.

Ariwo ọta tó ń bá ògiri ló wá kù. Nehemiah ní kí a wá àpò ìrẹsì, kí a ki aṣọ àkísà bọ̀ ọ́ pinpin, kí a gbé e rọ̀ sẹ́yìn agolo, yóò máa gbé ọta mì. Mo wọlé, mo tẹ̀ lé ojú mi tí kò ríran dáadáa mọ́, mo fa gbogbo ìdì aṣọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Mo pè wọ́n ní ẹ̀wù ilé ìwé Bọ́lárìnwá àti àwọn ìró tó ti ya. N kò tú ọ̀kankan. Bí mo ṣe dì wọ́n ni mo ṣe kì wọ́n bọ inú àpò, tí mò ń fi orúnkún tì í, tí mò ń kọrin:

Rọra, ìbọn, rọra,
aládùúgbò wà nílé.
Rọra, ìbọn, rọra,
ọkàn ìyá kì í ṣe páànù
tí a ń lù gbàràgàdà.

Elisha yìn ín. Pọ̀! Bí ẹni jù bàtà sílẹ̀ sórí ẹní. Agolo mì, ó ké tín-ín, ó parí. A wo ara wa. Mo fi etí sí òdì kejì páànù, mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Sikirat, tó ń lọ kẹrẹkẹrẹ, tí kò dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ayé fi dára. Elisha ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu ẹ̀kọ mu. Sikirat ń kọ orin ìsìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi ń kọ tèmi níhìn-ín. Munawwarah pè lórí fóònù, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé kó jókòó sí ilé ọkọ rẹ̀, òun kò lọ ibì kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó gbé mọ́ínmọ́ín wá fún wa. Ó ní, "Mo wá dúpẹ́. Mo sì fẹ́ wo oògùn tí ẹ lò tí ìbọn fi ya odi."

Èmi aláyọ̀, èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọta ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jẹ àpò náà ya, ìdì tó wà níwájú ti tú, apá ẹ̀wù búlúù kan sì yọ jáde, ó rọ̀ dirodiro, ó kún fún ihò.

Sikirat dúró. Àwo mọ́ínmọ́ín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, aṣọ ta nìyẹn?"

Ọkàn mi ló kọ́kọ́ rántí kí ojú mi tó rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ Awwal, wọ́n pín àwọn aṣọ rẹ̀ ṣe sàárà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti máa ń ṣe, kí ẹ̀san rẹ̀ lè bá òkú. Ìdì kan ni Sikirat gbé fún Elisha pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èmi ni mo fi gèlè mi dì í, tí mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Awwal ni," Sikirat dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún un nígbà Iléyá."

Ó gbé àwo kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó fa aṣọ náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Elisha ń bọ̀ láti ìdí àga, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Sikirat... dárí... dárí jì wá."

Kò wò ó. Ó ki ìka rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gún bọ inú ihò kan, ìka náà yọ lódì kejì.

"Bàbá, ṣé báyìí ló máa ń rí?"

Elisha tẹjú mọ́ ìka náà.

"Ihò rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Wọn ò jẹ́ kí n rí i. Kí n tó dé Iléṣà tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ro ibi tí ọta gbà wọlé. Mò ń rò pé ó tóbi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ìbọn. Ṣé ó kéré báyìí?"

Elisha wò mí. Ọkùnrin yìí, ogójì ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà fún àlejò. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀, pé ìbọn ọ̀kẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìbọn tí a fi ń pa ènìyàn. Ó tún ahọ́n rẹ̀ tó wúwo ṣe, ó sọ ọ́ ketekete:

"Ó kéré, ọmọ mi. Kò tilẹ̀ tó báyìí."

Mo ṣe àmín sí irọ́ náà nínú ikùn mi.

Sikirat mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Kí ló dé tí Bàbá ò wọ̀ ọ́?"

"Mo ní kí o má baà rí i kí ọgbẹ́ ọkàn rẹ má tún tú."

"Áà, Ìyá Bọ́lá! Nítorí kí n lè máa rí i ni mo ṣe gbé e fún yín! Munawwarah fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tí kò mọ̀ wá. Mo ní rárá, kó wà nítòsí, kí n máa rí i tó ń kọjá lẹ́bàá páànù. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọjú. Mo rò pé ẹ kórìíra aṣọ òkú ni."

Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má sọ òun di ọmọ burúkú. Ó ní kí n bá òun wá abẹ́rẹ́ àti òwú búlúù.

Orí pèpéle wa ló jókòó sí títí tí wọ́n fi pe ìrun Alásàárì. Ó ń dí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan ẹ̀yìn ẹ̀wù, ó ní, "Ìyá olórin, orin dà?" Mo na òwú sí i dípò orin. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó rán an tán, ó ká a, ó gbé e fún Elisha pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bó ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun máa bá Munawwarah lọ ní ọjọ́ Jímọ̀.

"Ìbínú ni, Sikirat?"

"Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ariwo ló ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí ó tilẹ̀ dákẹ́, mo ti mọ ibi tí ọta ń wọ̀."

"Bàbá ti jáwọ́! A ó gbé ìbọn náà padà sí oko lónìí!"

"Mo mọ̀ pé ẹ ó gbé e. Òun náà ni mi ò fẹ́ jókòó wò, kí apá Bàbá tún padà sùn nítorí mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, mo bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti parí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Munawwarah wa ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Sikirat ti jókòó síwájú nígbà tí Elisha jáde sí wa. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òun nìkan ló dá a wọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ṣi bọ́tìnnì kan dè.

Sikirat wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún mú un kúrò. "Bàbá Ìjẹ̀ṣà, ikùn yín máa já bọ́tìnnì ọmọ mi dànù o."

"Iyán... ni," ni Elisha wí.

"Ẹ yí padà, kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀."

Elisha yí padà díẹ̀díẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dúró ṣánṣán. Sikirat wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà, kò gbójú kúrò. Nígbà tó pẹ́, ó fọwọ́ kan Munawwarah léjìká, ọkọ̀ gbéra.

Ọkọ̀ yà ní ìkóríta, èéfín rẹ̀ lọ, Elisha ṣì kọjú sí ògiri. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, wọ́n ti lọ." Kò tètè yí padà. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá Sikirat ti wò ó tán.